Ta Ni Yóò Gbà Á Síṣẹ́? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ àti Àrùn Ọpọlọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌFÁÁRÀ

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ Ìsàlẹ̀ Èkó dáadáa, kí ó wo iṣẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe. Láti Ìdúmọ̀tà dé Jankárà, láti Ìta Fájì dé Èbúté Èrò, agbára káká ni a fi lè rí ilé tí kò ní ìsọ̀ níwájú. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń rán aṣọ, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni a ti ń di ẹrù tí a sì ń ka owó. Bí a bá bèèrè ní àdúgbò yìí pé, "Ta ni lágbájá?", iṣẹ́ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ: ìyá aláṣọ ni, bàbá káfíńtà ni, tíṣà ni. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní orúkọ láàárín wa.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kan wò nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Bí àrùn ọpọlọ bá kọlu ènìyàn, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì yá, tàbí tí ó ń lo oògùn lọ́wọ́ tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, iṣẹ́ wo ni yóò ṣe? Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ní kíláàsì, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn baba wa ṣe ń fi ewé àti egbò wo wèrè. A máa ń dárúkọ asọ́fẹ́yẹjẹ, a sì máa ń fi ìmọ̀ wọn yangàn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ẹni náà sàn ni a kì í sábà bèèrè.

Èmi kì í ṣe dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni mí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni mí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, orúkọ tí àrùn náà fi sílẹ̀ lára wọn ni ó ń dí wọn lọ́nà iṣẹ́ ju àrùn náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo tún fẹ́ fi hàn pé agboolé àtijọ́ ní ọgbọ́n kan nípa ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò tíì kọ́, àti pé ọgbọ́n náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

ORÚKỌ TÍ A Ń PÈ É

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ilé wa nìyẹn. Bí ibà bá mú ènìyàn, a ó ní, "Ibà ń ṣe é." Bí ikọ́ ni, a ó ní, "Ikọ́ ń ṣe é." Nínú gbólóhùn wọ̀nyí, àrùn ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Àrùn wà ní ọ̀tọ̀, ènìyàn wà ní ọ̀tọ̀. Àrùn ni ó wá bá a, ó sì lè fi í sílẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò nawọ́ sí ọkùnrin kan kí ó ní, "Ibà ni ọkùnrin yìí."

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, wèrè. Bí a bá ní "oògùn wèrè", àrùn ni à ń sọ. Bí a bá ní "wèrè kan ń kọjá lọ", ènìyàn ni à ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dúró fún àrùn àti fún ẹni tí àrùn náà mú. Bí a bá ti wí pé "wèrè ni", a ti so àwọn méjèèjì pọ̀, kò sì sí ibi tí ẹni náà yóò gbà yọ. Bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá ní ogún ọdún sẹ́yìn, orúkọ náà ṣì ń tẹ̀ lé e kiri.

Kì í ṣe pé èdè wa kò mọ ìyàtọ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. A ní asínwín, a ní abísínwín fún obìnrin tí àrùn yìí kọlù lẹ́yìn ìbímọ. A ní dìndìnrìn fún ẹni tí òye rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kékeré, èyí kì í sì í ṣe wèrè rárá. A tún ní ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a ronú lé lórí, ìyẹn ni wèrè aláṣọ. Èébú ni ó jẹ́ lẹ́nu wa lónìí, ṣùgbọ́n ẹ wo ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ti rí i pé ènìyàn lè ní àrùn yìí kí ó sì wọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa jáde, kí ó máa ná ọjà. Ẹni tí ó já aṣọ sílẹ̀ ní ìta Ìdúmọ̀tà kọ́ ni gbogbo wọn. Ẹni yẹn ni a rí, òun ni a sì fi ń wọn àwọn yòókù.

Òwe wa náà sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. A ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. A tún ní ojú kì í ti wèrè, ará ilé rẹ̀ ni ojú ń tì. Ìtìjú ará ilé yìí ni ó ń mú kí a gbé ènìyàn pamọ́. Ní Èkó, bí ẹnì kan bá sọ ohun tí kò bá ti àwọn tó kù mu, wọn a ní kí wọ́n gbé e lọ sí "Yábà Lẹ́fùtù", gbogbo ènìyàn a sì bú sẹ́rìn-ín. Ní Abẹ́òkúta, Àró ni wọn yóò dárúkọ. Ilé ìwòsàn ni ibi méjèèjì. Ṣùgbọ́n a ti sọ orúkọ wọn di ẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe sọ ìwé tí ènìyàn gbà jáde níbẹ̀ di ohun tí kò lè fi han ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò gbọ́ oògùn mọ́. Mo rò pé ohun tí àwọn àgbà rí ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó bá ti dé ọjà láìní olùtọ́jú, tí ó ń sùn lábẹ́ àtẹ, ti sọ ilé nù. Àìnílé yìí ni kì í jẹ́ kí oògùn ràn án. Ṣùgbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé àti ọjà ti so pọ̀, ọ̀nà mìíràn wà láti wọ ọjà. Ẹni tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ, tí ó ń ká aṣọ tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, òun náà wọ ọjà. Fún ẹni yìí, ọjà lè jẹ́ ara oògùn.

ÌTÀN NÍ ṢÓKÍ

Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń ṣe ìjọba ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi wèrè tí ó bá ń da ìlú láàmú sí. Ní ọdún 1906, wọ́n ṣe òfin kan lórí ọ̀rọ̀ wọn fún Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1907, wọ́n ṣí ọgbà wèrè sí Yábà. Ní ìgbà yẹn, ibi tí a ń kó ènìyàn pamọ́ sí ni ju ibi ìwòsàn lọ. Ọgbà yìí kan náà ni ó ti di ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ lónìí, tí ó ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 1916, èyí tí a sì mọ̀ sí òfin wèrè ti ọdún 1958 wà nínú ìwé òfin wa di ìgbà tí a ti wọ ọ̀rúndún yìí. Ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń lépa ni bí a ó ṣe mú ènìyàn wọ inú ọgbà. Bí yóò ṣe jáde kí ó sì rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀nà mìíràn là ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Lántòrò. Nígbà tí ó di ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Àró tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Kò dúró de ìgbà tí ilé ìwòsàn yóò parí. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, ó ní kí wọ́n fi àwọn aláìsàn wọ̀ sínú ilé wọn. Ẹbí aláìsàn kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ti gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, aláìsàn a padà sí abúlé, a sì máa bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé. Lambo tún pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì ń bá wọn fikùn lukùn.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó wà nínú ètò yìí. Lambo kò ní kí aláìsàn dúró di ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá tán kí ó tó fọwọ́ kan ọkọ́. Iṣẹ́ wà lára ìwòsàn náà, àárín àwọn ènìyàn ni ó sì ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni Lambo di Gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní ọdún 2004 ni ó ṣaláìsí.

IṢẸ́ NÍ AGBOOLÉ

Bí mo bá ka nípa Àró, agboolé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Obìnrin kan wà ní agboolé tí a ti tọ́ mi dàgbà. Lẹ́yìn tí ó bí ọmọ, abísínwín kọlù ú, wọ́n sì gbé e lọ gba ìtọ́jú. Nígbà tí ó padà dé, kò sí ẹni tí ó pe ìpàdé lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kàn sọ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé kí ó wá bá òun ká aṣọ ní ìsọ̀. Ó ká aṣọ fún bí oṣù mélòó kan. Bí òògbé oògùn bá kì í, a lọ sùn lẹ́yìn ìsọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn aṣọ fún oníbàárà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, nígbà tí ó sì yá, òun ni ó ń lọ ra ọjà ní Bàlógun. Kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni sọ pé, "Ara rẹ ti yá tó báyìí, o lè ṣiṣẹ́." Iṣẹ́ ni ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí ara rẹ̀ ti ń le.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe. Ìkíní ni pé iṣẹ́ wà ní ẹnu ọ̀nà ilé, kò sí ọkọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ wọ̀. Ìkejì ni pé iṣẹ́ náà ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí kò lè ta ọjà lè ká a, ẹni tí kò lè kà owó lè jókòó ti ọjà. Ìkẹta ni pé àwọn tí ó yí i ká mọ̀ ọ́n kí àrùn tó dé. Fún wọn, ọmọ Ìyá Lágbájá tí ó ṣàìsàn ni. A kì í fi orúkọ wèrè pe ẹni tí a mọ oríkì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀tàn bo ojú ara wa. Agboolé ní àléébù tirẹ̀. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi ń ru ẹrù láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí wọn kò san kọ́bọ̀ fún, tí wọ́n ní ṣe bí wọ́n ń bọ́ ọ. Èyí kì í ṣe àánú, ìrẹ́jẹ ni. Bí ènìyàn bá ṣe iṣẹ́ tí ó ń mú owó wọlé, owó rẹ̀ tọ́ sí i, ìbáà ṣe ẹbí rẹ̀ ni ó ni ìsọ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí ìtìjú mú kí ará ilé gbé wọn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, tí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n yọ ojú sí ìsọ̀.

Ohun kejì ni pé agboolé náà ti ń tú ká. Ní ọdún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ó rí i pé àwọn tí wọ́n kó lọ jìnnà sí ọjà àti sí ẹbí wọn. Owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n run, oníbàárà ń dínkù, ẹni tí ó sì ń ran ẹbí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé tí ó kù ni wọ́n ti sọ di ilé ìkẹ́rùsí àti ṣọ́ọ̀bù alájà púpọ̀. Níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá ti di ilé ìkẹ́rùsí, kò sí ibi tí aláìsàn yóò jókòó sí ká aṣọ. Iṣẹ́ tí agboolé ń ṣe láìgba owó, ta ni yóò máa ṣe é báyìí?

IṢẸ́ OṢÙ

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó sí Marínà, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn fún ẹni tí ó ní àrùn ọpọlọ. Ní ibẹ̀ ni àwọn bánkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń fojú sí bí a bá jáde ní yunifásítì. Kí ni ohun tí ó ń pàdé ẹni yìí níbẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rù àwọn tí yóò bá ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ènìyàn 2,040 léèrè ọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2005. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lé ní 96 tí ó gbà pé oníjàgídíjàgan ni alárùn ọpọlọ. Ó lé ní 82 tí ẹ̀rù yóò bà láti bá a sọ̀rọ̀. Ó lé ní 78 tí inú wọn kò ní í dùn bí wọ́n bá ní kí wọ́n jọ máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ ka ti ìkẹyìn yìí lẹ́ẹ̀kejì. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wà ní ọ́fíìsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ nínú wọn tí kò fẹ́ ẹ níbẹ̀ kí ó tó jókòó.

Ohun kejì ni àlàfo inú ìwé. Ẹni tí àìsàn dá dúró fún ọdún méjì, kí ni yóò sọ nígbà tí wọ́n bá bi í pé, "Níbo ni o wà láàárín ọdún méjì yìí?" Bí ó bá sọ òtítọ́, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá pa irọ́, ìbẹ̀rù pé àṣírí yóò tú yóò máa bá a gbé lójoojúmọ́, ìbẹ̀rù yìí fúnra rẹ̀ sì lè dá àìsàn náà padà. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ jáde kan tí ilé-iṣẹ́ kan ti gbà tán. Nígbà tí wọ́n rí orúkọ oògùn tí ó ń lò, wọn kò tún kọ̀wé sí i mọ́. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun kẹta ni oògùn àti ìtọ́jú. Àwọn oògùn kan máa ń mú òògbé wá ní òwúrọ̀, àwọn mìíràn máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n. Àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí èyí ná ilé-iṣẹ́ kò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lóṣù lọ. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó ń bẹ̀rù kò ní í bèèrè fún ọjọ́ náà. Yóò fo abẹ́rẹ́, àìsàn yóò padà dé, wọn yóò sì ní, "Ẹ ò rí i? A ti wí bẹ́ẹ̀." Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tí ó kàn ní owó iṣẹ́ fún ọjọ́ 12 lọ́dún bí ó bá ń ṣàìsàn tí dókítà sì jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ 12 tó fún ibà. Kò tó fún ẹni tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ BÁYÌÍ

Òfin ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2011, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn akàndá ènìyàn, wọ́n sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó lòdì sí yíya akàndá ènìyàn sọ́tọ̀. Òfin yìí ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú láti rí i pé, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, ó kéré tán márùn-ún jẹ́ akàndá ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ó tún fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí a ń pè ní ti ọdún 2021, èyí tí ó gba ipò òfin wèrè àtijọ́. Òfin tuntun yìí kọ̀ kí a fi àrùn ọpọlọ du ènìyàn ní ilé gbígbé, iṣẹ́ tàbí ìtọ́jú.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lo òfin yìí ní láti kọ́kọ́ jáde sọ pé òun ní àrùn ọpọlọ. Arọ kò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun jẹ́ arọ. Ẹni tí àrùn rẹ̀ kò hàn lójú ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ tí ó ti ń sá fún. Títí tí a ó fi tún orúkọ náà ṣe lẹ́nu wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀ sínú ìwé.

OHUN TÍ A TI RÍ NÍ ÀWỌN ILẸ̀ MÌÍRÀN

Ní ìlú Geel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ó ti pẹ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí àwọn ará ìlú ti ń gba alárùn ọpọlọ sínú ilé wọn, tí wọ́n sì jọ ń ṣe iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé. Àwọn dókítà sábà máa ń fi Àró wé Geel.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án lórí irú àrùn ọpọlọ tí ó le jù, Ìbàdàn sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn aláìsàn lẹ́yìn ọdún méjì, ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà sàn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá àwọn Òyìnbó lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Ọ̀kan lára wọn, Richard Warner, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1985 pé iṣẹ́ ni ó fa á: níbi tí aláìsàn bá ti rí iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká padà sí láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ara rẹ̀ a máa tètè balẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń kó àwọn tí ara wọn ń yá sínú ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n kọ́kọ́ mura sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kúrò níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni Robert Drake àti Deborah Becker ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ti yí i padà. Wọ́n ní kí a tètè wá iṣẹ́ gidi tí ó wu ẹni náà fún un, iṣẹ́ tí ó ń gba owó, kí ẹnì kan sì máa tẹ̀ lé e láti ràn án lọ́wọ́ bí ó ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ni ó ti fi hàn pé àwọn tí a ṣe báyìí fún ń rí iṣẹ́ ju àwọn tí a ní kí wọ́n kọ́kọ́ mura sílẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó ní "wá bá mi ká aṣọ" kò ka ìwé wọn, ohun kan náà ni ó sì ṣe.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ Ó TỌ́

Agbanisíṣẹ́ lè bèèrè pé, "Bí ó bá bínú ńkọ́?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹni tí a ń rí tí ó ń ju òkò ní ìta ni ẹni tí kò rí ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ alárùn ọpọlọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, pàápàá àwọn tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ó lè bèèrè pé, "Bí àìsàn náà bá padà ńkọ́?" Ó lè padà, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe lè dá ọ̀gá fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀. Ní ti ọkọ̀ wíwà àti ẹ̀rọ tí ó lè géni lọ́wọ́, kí a bèèrè lọ́wọ́ dókítà irú oògùn tí ẹni náà ń lò. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan pàtó. Kò yẹ kí a fi ti gbogbo iṣẹ́ pa.

ÌGÚNLẸ̀: KÍ NI Ó KÀN WÁ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ọ̀nà mẹ́ta.

Àwa ni a ń kọ eré tí a sì ń kọ ìtàn. Nínú púpọ̀ nínú eré wa, wèrè kì í ju ohun ẹ̀rín tàbí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dé bá lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ nípa ẹni tí ara rẹ̀ yá tí ó sì padà sí ìsọ̀. Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a lo gbólóhùn tí èdè wa ti fún wa: "àrùn ọpọlọ ń ṣe é", gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé ibà ń ṣe é. Kí àrùn padà di olùwà, kí ènìyàn padà di ènìyàn.

Àwọn kan wà láàárín wa tí àìsàn yìí ti mú kúrò ní kíláàsì. Bí wọ́n bá padà dé, kí ẹgbẹ́ wa fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ kíákíá, ìbáà ṣe títò ìwé ìpàdé ni. Iṣẹ́ kékeré tí a fi ìgbẹ́kẹ̀lé fúnni ń ṣe ju ìkíni ọgọ́rùn-ún lọ.

Lọ́la, àwa ni a ó jókòó sí Marínà tí a ó máa ka ìwé àwọn tí ń wá iṣẹ́. Kí a bi ẹni náà ní ohun tí ó lè ṣe. Kí a fún un ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá nílò rẹ̀, kí ó fi ààbọ̀ ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, kí a sì san owó ohun tí ó ṣe fún un. Kí ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì náà tí ó lè bá sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Kò sí èyí tí ó ju agbára ilé-iṣẹ́ ńlá lọ nínú gbogbo ìwọ̀nyí, nítorí pé àwọn ìyá wa ti ń ṣe é nídìí àtẹ ní Jankárà, láìní ọ́fíìsì, láìní òfin tí ó fipá mú wọn.